Fọ́nrán òwú mẹ́ta ni mo kó sí máṣíìnì, ọ̀kan ò bá àwọn yòókù rìn

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Máṣíìnì ìhunṣọ alábẹ́rẹ́ 200 ni mo ń lò. Òwú tí mo ní tín-ín-rín jù, ni mo bá da fọ́nrán mẹ́ta pọ̀, wúùlù méjì, kọ́tìnì kan, kí súwẹ́tà náà lè nípọn. Tí mo bá ti hun bí ìlà ogún báyìí, kọ́tìnì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, nígbà míì gan-an abẹ́rẹ́ á mú méjì á fi ìkẹta sílẹ̀. Mo ti tú u lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé máṣíìnì ló ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀ẹ̀mẹrin kẹ̀! Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ fi máṣíìnì yẹn sílẹ̀ jàre, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé inú àwo kan náà, ìyẹn àwo kékeré tó ń fún òwú kó má baà dẹ̀, lẹ ki mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí lórí ọ̀pá tó ń gbé òwú sókè yẹn. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Wúùlù máa ń nà tí àwo yẹn bá fún un, bó bá ti kọjá tán á tún súnkì padà, kọ́tìnì ní tiẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, bó ṣe gùn wọlé náà ló ṣe máa jáde, torí náà tí wọ́n bá fi máa dé ẹnu abẹ́rẹ́, kọ́tìnì ti gùn ju àwọn ẹnìkejì ẹ̀ lọ, èyí tó lé yẹn ò sì ríbi wọ̀, ló bá yọ síta bí etí ife. Ẹ kó wúùlù méjèèjì sínú àwo kan, kẹ́ ẹ fún kọ́tìnì ní tiẹ̀ àti wáyà tó ń gba òwú tó bá dẹ̀ ní etí ìlà. Kẹ́ ẹ wá dẹ àwo wúùlù díẹ̀ títí tí kò fi ní nà mọ́, ẹ fọwọ́ fà á wò kẹ́ ẹ tó hun.

Kọ́ọ̀nù tí wọ́n ká òwú lé gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ gan-an lábẹ́ ọ̀pá o, kì í ṣe orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí òwú bá rí gbẹrẹfu lọ́wọ́, ẹ fi abẹ́là ra á díẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́ tó ń fi ìkan sílẹ̀, ẹ gbé nọ́ńbà orí kárééjì, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa ń tì lọ tì bọ̀ lórí abẹ́rẹ́, sókè, kẹ́ ẹ so irin tó ń fa aṣọ wálẹ̀ mọ́ ọn dáadáa nísàlẹ̀. Ẹ ṣírò ìnípọn náà pẹ̀lú. Òwú tí wọ́n kọ 2/30 sí (ìyẹn méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí gíráàmù kan ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 30), mítà 15 ni gíráàmù kan ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi mẹ́rin pọ̀ ó di mítà 375 nínú 100 gíráàmù, máṣíìnì alábẹ́rẹ́ 200 á hun ìyẹn láìkùn. Tẹ́ ẹ bá wá lọ kó mẹ́jọ sí i, ẹ̀yin lẹ wá ìjà.

Ẹ máa ka fọ́nrán yín o. Mo ti hun apá súwẹ́tà kan rí, ọ̀rọ̀ dídùn ni mo ń gbọ́ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ pé kọ́ọ̀nù kan ti tán, ogójì ìlà ni mo hun lẹ́yìn ìyẹn, ibì kan nípọn, ibì kan rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àwọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Kọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì fẹ́ fọ́nrán méjì. Ṣé kí n ká a bíi bọ́ọ̀lù, kí n fa ìkan látinú, ìkan láti ìta?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ mi ò fẹ́ràn ẹ̀ lórí máṣíìnì rárá, torí ti inú yẹn máa ń jáde ní wúruwùru tá á sì so kókó. Ẹ wọn kọ́ọ̀nù yẹn lórí ìwọ̀n, kẹ́ ẹ ká ìdajì sórí kọ́ọ̀nù míì tó ṣófo. Wọ́n ti di méjì nìyẹn, ẹ wá gbé ìkan lé èkejì lórí, kẹ́ ẹ fa òwú ti ìsàlẹ̀ gba inú ihò ti òkè kọjá. Ti òkè á máa lọ́ mọ́ ọn bó ṣe ń jáde, àwọn méjèèjì á jọ máa lọ sọ́dọ̀ abẹ́rẹ́.