Èsì: Bí fáìlì kan ṣe máa pe òmíràn nínú èdè CAD

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá kí èdè CAD (èdè tí wọ́n fi ń ya nǹkan lórí kọ̀ǹpútà nípa kíkọ àṣẹ) tí ẹ ń kọ fún àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ àdìrẹ l'Óṣogbo kàn da gbogbo fáìlì kejì sínú ti àkọ́kọ́. Ẹ má dán an wò. Ohun tí àṣẹ `include` ń ṣe nínú OpenSCAD, èdè CAD kan tó ti wà nílẹ̀, nìyẹn, iye tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn ló sì ń borí. Bí `onte.scad` bá ní `nipon = 4;`, tí ẹ wá include `dimu.scad` tó ní `nipon = 12;` lẹ́yìn rẹ̀, òǹtẹ̀ yín di 12 mm nìyẹn. Àṣẹ `use` sàn díẹ̀: module (àṣẹ tó ń ya nǹkan) àti function (àṣẹ tó ń ṣírò iye) nìkan ló ń mú, kì í mú iye bíi `nipon`.

Ẹ jẹ́ kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: `mu "onte.kad" bi o;`, lẹ́yìn náà `o.ewe(40, nipon=4)` láti pe `ewe` tó wà nínú rẹ̀. Kí mímú fáìlì wọlé má ya ohunkóhun fúnra rẹ̀ o.

Ibi tó ń pa ọ̀pọ̀ lára ni àdírẹ́sì fáìlì. Inú fódà fáìlì tó ń pè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, kì í ṣe fódà tí ẹni tó ń lò ó dúró sí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín, á sì kọ̀ lórí ti oníbàárà. Ẹ sọ ọ́ di àdírẹ́sì kíkún, kẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì náà ṣe orúkọ tí ẹ ó fi tọ́jú ohun tí ẹ kà nínú fáìlì, kí fáìlì má bàa di kíkà lẹ́ẹ̀mejì.

Kẹ́ ẹ tó ka fáìlì, ẹ sàmì sí i pé "ó ń lọ lọ́wọ́". Bẹ́ ẹ bá tún bá àmì yẹn pàdé, wọ́n ń pe ara wọn yípo ni: ẹ dúró, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ wọn jáde ní ẹsẹẹsẹ, `onte → dimu → onte`.