Ìsàlẹ̀ omi ni kí ìwọ̀ rẹ bá àrọ̀

Àbúrò mi, o ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti jókòó sétí Odò Ògùn lápá Lafẹ́nwá l'Abẹ́òkúta láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹpìyà kéékèèké ló ń jẹ ekòló rẹ tán, àrọ̀ ò yọjú. Kì í ṣe pé àrọ̀ ti tán nínú odò. Ìwọ lo gbé oúnjẹ kọ́ sí àárín omi fún ẹja tó ń wá tirẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó tún ń ṣe é.

Ojú àrọ̀ kéré. Irun mẹ́jọ tó yí ẹnu rẹ̀ ká ló fi ń wá oúnjẹ kiri, òórùn ló sì ń tẹ̀ lé. Yọ igi tó ń léfòó yẹn kúrò lára okùn rẹ. So òjé kékeré mọ́ ọn, kó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ìwọ̀, kí ohun tó o fi dẹ ẹ́ lè sùn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Àwọn kan ń fi ọṣẹ dẹ ẹ́, ó sì ń jẹ ẹ́. Ìfun adìẹ lèmi fọkàn tán. Tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà, fi í sóòrùn títí yóò fi máa rùn, kó o wá fi òwú dè é mọ́ ìwọ̀, torí ó máa ń yọ̀ bọ́.

Má lọ lọ́sàn-án mọ́. Lọ nírọ̀lẹ́, kó o dúró di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀yìn àpáta, níbi tí omi ò ti sáré, ni kó o jù ú sí. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa, tí omi pọ́n, àrọ̀ á jáde wá yé ẹyin sínú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Abo tí ikùn rẹ̀ kún, mo máa ń dá a padà sómi.

Wàyí o, bó ṣe ń jẹun. Orí ọ̀pá á kọ́kọ́ máa gbọ̀n tín-ín tín-ín. Má fà á! Ó ṣì ń tọ́ ọ wò ni. Dúró títí okùn á fi máa lọ gbọọrọ, láìdáwọ́ dúró, kó o tó fà á gidi, kó o sì yí orí ẹja náà kúrò lọ́dọ̀ àpáta lójú ẹsẹ̀. Èyí tó gùn tó apá mi já okùn mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí mo jẹ́ kó wọ inú pàlàpálá.

Ẹ̀gún wà lára lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan gún mi ní ìdí àtàǹpàkò, ọjọ́ mẹ́rin ló fi wú. Fi aṣọ tútù di ẹja náà mú. Tó bá jẹ́ òjìjí, ẹja tí ara rẹ̀ ń gbé iná, lo fà jáde, ara rẹ̀ ki bí ọ̀pá, kò ní lẹbẹ gígùn lẹ́yìn, gé okùn náà dànù. Mo fọwọ́ kàn án rí, apá mi kú dé èjìká.

Tí àsìkò òjò bá ń parí lọ, wọ́n máa ń ṣí omi dáàmù tí wọ́n kọ́ parí ní 1983 sórí odò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wá sínú Odò Ògùn, odò á sì kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀ l'Abẹ́òkúta. Kó o tó jókòó, ri igi kan mọ́ etí omi. Tí omi bá ti kọjá rẹ̀, palẹ̀ mọ́, máa lọ sílé, kódà bí okùn bá ń gbọ̀n.