Ká tó ní ká ṣe bíi ti Mao

Àbúrò, o ní ṣebí ìṣọ̀tẹ̀ Mao Zedong, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ló gba mẹ̀kúnnù Ṣáínà là, pé kí ló dé tí àwa náà ò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó ká pín in. Ìlú Zhengzhou ní ìpínlẹ̀ Henan ní Ṣáínà ni mo ti kàwé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn kí n lè rówó jẹun. Ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn ni mo ti mọ mámà àgbà kan, ọmọ apá Xinyang ní gúúsù Henan. Ó pẹ́ gan-an kí mámà tó dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán láti sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ìyókù ni mo lọ ń tú nínú ìwé.

Òótọ́ ni pé wọ́n pín ilẹ̀. Mao kéde ìjọba tuntun ní ọjọ́ 1 oṣù October ọdún 1949, òfin ilẹ̀ jáde ní 1950. Wọ́n ń fa àwọn onílẹ̀ síta lójú gbogbo abúlé, àwọn tó ti ń sanwó oko fún wọn á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí wọn létí, wọ́n sì pa ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé ayé dára kó tó dìgbà yẹn o. Ọmọdé ni ìyá mámà wà nígbà tí wọ́n fi wọ́n fọ́kọ. Òfin ìgbéyàwó 1950 ló ní irú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Mámà mọ̀wé, ìyá wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwòrán Mao sì wà lára ògiri pálọ̀ wọn títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn tí ẹ ń gbọ́ ti ń dúró nìyẹn. Ilẹ̀ tí wọ́n pín ò pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láàárín 1955 sí 1956, ìjọba ti kó o padà sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù; ní 1958 ó di kọ́múùnù, ìyẹn oko ńlá àjùmọ̀ni tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ abúlé pọ̀ sí. Ní Chayashan, ní Suiping, Henan níbẹ̀ náà, ni wọ́n ti dá ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ sílẹ̀, orúkọ Sputnik, sátẹ́láìtì àwọn ará Rọ́ṣíà, ni wọ́n sì sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dáná nílé mọ́, ilé oúnjẹ gbogbogbò ni kálukú ti ń jẹun. Ìkòkò irin ilé mámà bá ti àwọn aládùúgbò lọ sínú ìléru ẹ̀yìn abúlé, wọ́n ní àwọn ń yọ́ irin. Ohun tó jáde níbẹ̀ ò ṣeé fi rọ ọkọ́. (Ọdún yẹn náà ni tọmọdé tàgbà ń lé ológoṣẹ́ kiri títí yóò fi já lulẹ̀ kú, torí pé ó ń jẹ ọkà. Kòkòrò tí ẹyẹ náà ń jẹ wá ráyè.)

Gbọ́ bí ìyàn ṣe wọ̀lú. Alága kọ́múùnù kan á ní oko òun mú ìlọ́po méjì wá, ẹnì kejì á ní tòun jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ìwé ìròyìn ń gbé e, Beijing ń yìn wọ́n. Lórí iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn ni ìjọba ti ń ṣírò ìpín tó máa kó, kì í ṣe lórí ohun tó wọ àká. Nígbà tí ìpín ò pé, kàkà kí alága jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa, ó ní àwọn àgbẹ̀ ló ń fi oúnjẹ pamọ́. Wọ́n tú ilé, wọ́n hú ilẹ̀ yàrá, wọ́n lu èèyàn pa. Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ bá a lọ. Ní Xinyang, wọ́n dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa jáde lọ tọrọ jẹ, wọ́n sì ń gbẹ́sẹ̀ lé lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Oúnjẹ wà nínú àká ìjọba, àwọn èèyàn ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 ló kú ní agbègbè tí èrò rẹ̀ tó mílíọ̀nù 8. Fún gbogbo Ṣáínà, àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò: àwọn kan ní mílíọ̀nù 15, àwọn kan ní 30, àwọn míì ní 45.

Mámà ò ka iye kankan fún mi. Wọ́n ní ìyá àwọn á gbé omi ọbẹ̀ dé láti ilé oúnjẹ, á fi ṣíbí rò ó dáadáa kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè kan abọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jẹ èèpo igi, wọ́n jẹ ewé ọ̀dùnkún. Àbúrò mámà méjì kú. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè máa gba ìpín rẹ̀. Ẹ̀wà ni mámà ń ṣà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọn ò gbójú sókè.

Mo ní, Mao ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló parọ́ fún un. Mi ò bá mámà jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Peng Dehuai, mínísítà ètò ààbò, kọ lẹ́tà sí Mao níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Lushan ní July 1959 pé àsọdùn ti pọ̀ jù. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì ń dọdẹ gbogbo ẹni tó bá fi irú ẹ̀ sẹ́nu. Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e gan-an ni Xinyang kú. Liu Shaoqi tó jẹ́ ààrẹ sọ ní 1962 pé láwọn ibì kan, ọwọ́ èèyàn ló fa ìdá méje nínú mẹ́wàá àjálù náà. Nígbà tí rògbòdìyàn 1966 tí wọ́n ń pè ní Ìyípadà Àṣà dé, wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, ó kú ní Kaifeng ní 1969, ìtòsí Zhengzhou níbẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi sun òkú rẹ̀.

Èyí tó wá fún wọn lóúnjẹ, kò sí ìbọn níbẹ̀. Ní abúlé Xiaogang, ní ìpínlẹ̀ Anhui tó bá Henan pààlà, àgbẹ̀ 18 tẹ ìka sí ìwé ní bòókẹ́lẹ́ ní òpin 1978: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá oko tirẹ̀, kó san ti ìjọba, kó mú ìyókù. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti olórí àwọn mọ́lé, àwọn yòókù á tọ́ ọmọ rẹ̀ títí á fi pé ọdún 18. Ìkórè 1979 ya gbogbo agbègbè lẹ́nu, Deng Xiaoping tó di olórí lẹ́yìn Mao gbà á láyè, nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1985, kọ́múùnù ti pòórá. Síbẹ̀, ti abúlé lápapọ̀ ni ilẹ̀ yẹn títí di òní, àdéhùn láti máa dáko lórí ẹ̀ ni àgbẹ̀ ní. Mẹ̀kúnnù onílẹ̀ tí o ń rò yẹn, kò sí i ní Ṣáínà.

Àgbẹ̀ ò sì lè ṣí lọ sí ìlú bó ṣe wù ú nígbà yẹn. Láti 1955 títí di 1993, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ ní ìlú wà ńlẹ̀, àgbẹ̀ kì í sábà rí i gbà. Nígbà tí mámà di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Zhengzhou ni wọ́n tó ní in. Wọ́n kó èyí tó ṣẹ́ kù sínú agolo bisikíìtì: bébà kékeré, orúkọ ìpínlẹ̀ lókè, ìwọ̀n láàárín, ọdún nísàlẹ̀. Ti Henan ò lè ra núdù ní Wuhan, tó wà ní ìpínlẹ̀ míì.

Bó o bá fẹ́ bi àwọn ará Ṣáínà tó wà lọ́dọ̀ yín, má fi Mao bẹ̀rẹ̀, má sì kọ ọ́ sí wọn lórí WeChat, ètò ìfiránṣẹ́ orí fóònù wọn tí ìjọba ń ṣọ́. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn 1980 ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa ìyàn náà nílé ìwé. Wá àgbàlagbà, kó má sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ nítòsí, kó o bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń sè nígbà tó wà ní kékeré. Má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Ápù tàbí ọsàn ti tó.