Ẹ̀gbọ́n, Wọ́n Pè Mí fún Íntáfíù IT, Àyà Mi Ń Já

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. 400 level ni mo wà n'Ífẹ̀ níbí, Electrical ni mò ń kà. Iléeṣẹ́ kan l'Ékòó ní kí n wá ṣe íntáfíù IT, ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe níléeṣẹ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àyà mi kàn ń já ṣáá ni. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn, n'Íléṣà, ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé báwo ni tiráńsífọ́mà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo gba A nínú ẹ̀ o, àfi bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí mi lẹ́nu. GP mi ò ga, 3.1 ni, mi ò sì ṣiṣẹ́ níbì kankan rí, àfi ọ̀dọ̀ bọ̀dá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Lágéré tí mo máa ń lọ bá nígbà strike. Ṣé kí n kúkú sọ pé mo mọ AutoCAD, sọ́fíwià tí wọ́n fi ń ya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ, ni? — Àyà-ń-já, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò, gbé AutoCAD yẹn sílẹ̀ ná. Èmi náà parọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, mo kọ MATLAB, sọ́fíwià ìṣirò àwọn ẹnjiníà, sínú CV torí gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló kọ ọ́, lọ̀gá yẹn bá yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní ó yá, ya sine wave kan, ìlà tó ń lọ sókè-sódò bí ìgbì omi, fún mi. Òógùn tó bò mí lọ́jọ́ yẹn, AC wọn ò lè gbẹ ẹ́. Wọn ò sì mú mi.

Ohun tó dùn mí nínú lẹ́tà ẹ ni "àfi" tóo fi síwájú bọ̀dá Lágéré yẹn, ohun tó yẹ kóo fi yangàn! Lọ́dún 1973 tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ni níṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ SIWES tí gbogbo wa ń pè ní IT yìí, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì mọ ìwé, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ síwájú wọn, wọ́n á kàn ranjú mọ́ ọn ni. Ẹni tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ẹ lẹ́nu wò mọ̀ pé o ò mọṣẹ́, ṣebí torí ẹ̀ lo ṣe ń bọ̀. Ohun tó ń wò ni pé ṣé o ṣeé kọ́, àti pé tóo bá débi tí o ò mọ̀, ṣé wàá sọ ni àbí wàá fọwọ́ kan ohun tí iná wà nínú ẹ̀. Torí náà sọ ìtàn jẹnẹrétọ̀ kan fún un. Ẹ́ńjìnì ń dún, kò mú iná wá. Kí lẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ṣé bọ́rọ́ọ̀ṣì ló jẹ tán ni, àbí mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ ló ti kú tí bọ̀dá wá fi bátìrì jí i? Ìwọ̀nyẹn ju AutoCAD irọ́ lọ.

Ní ti tiráńsífọ́mà, o há a sórí ni, o ò wò ó. Lọ síbi tí ti àdúgbò yín wà, dúró síta ọgbà ẹ̀ o, mi ò ní kóo wọlé! Fi fóònù fa àwo irin ara ẹ̀ súnmọ́ra kóo kà á. Ká ní 500 kVA, 11 kV sí 415 V, 50 Hz ló wà níbẹ̀. Pín 500,000 fún 1.732 (root 3 nìyẹn, torí wáyà iná mẹ́ta ló ń jáde níbẹ̀) lọ́nà 415, wàá rí nǹkan bí 696 amps. Wá bi ara ẹ: kí ló dé tí wọ́n kọ kVA, ìyẹn volt lọ́nà amps, tí wọn ò kọ kW, agbára tó ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ooru wáyà inú ẹ̀ ń tẹ̀lé current, ooru irin àárín ẹ̀ ń tẹ̀lé volt, kò sí èyí tó bìkítà nípa power factor (ìpín kVA tó ń ṣiṣẹ́ gan-an) ohun táa so mọ́ ọn. Kí ló dé tí iná ilé wa jẹ́ 240 tí tibẹ̀ jẹ́ 415? Pín in fún 1.732 kóo wò ó. Kí ló dé tó ń kùn hùùù tọ̀sán-tòru? Irin àárín ẹ̀ ló ń nà tó ń sún kì, ẹ̀ẹ̀mejì nínú cycle kan, ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ti bára ẹ̀ jiyàn báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òwú wo ló fẹ́ dí i lẹ́nu?

Tó bá sì tún dí, tọrọ bébà, máa yà á kóo máa sọ̀rọ̀ lọ. "Ibí yìí ò yé mi dáadáa sà, àmọ́ ohun tí mo rò ni pé..." Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọn ò lè fún ní máàkì.

GP, tí wọn ò bá bi ẹ́, má dá a sọ. Tí wọ́n bá bi ẹ́, 3.1 ni, ó parí, má fẹjọ́ lẹ́kíṣọ̀ sùn. Kúrò n'Ífẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí go-slow Èkó ò mọ̀ pé o ní íntáfíù. Tẹríba díẹ̀ kí wọn, má dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á rò pé owó lo wá tọrọ. Owó náà ńkọ́? Béèrè, àmọ́ kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ka tí wọ́n máa fi ẹ́ sí.

Kóo tó lọ, padà sí Lágéré, ní kí bọ̀dá tú alternator kan níṣojú ẹ. Mú owó Coke dání.