Ọ̀rọ̀ 40 lójú pátákó, kò sí ìkankan tó dúró

Ìbéèrè: Romeo and Juliet, eré Shakespeare nípa olólùfẹ́ méjì tí ilé wọn jẹ́ ọ̀tá ara wọn, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 14 sí 15. Kí a tó ka ìran kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ 40 àti ìtumọ̀ wọn sójú pátákó. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á gba máàkì, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo rẹ̀ á ti fò lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ nu pátákó yẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ti tó fún ìran kan. Kì í sì í ṣe èyí tó ṣàjèjì jù ni kí ẹ mú o. Èyí tí wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ ni kí ẹ wá, torí ìyẹn ni wọn ò ní béèrè. Ẹ wo "wherefore" tí Juliet sọ lójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rò pé ó ń wá ibi tí Romeo wà, ẹlòmíì á tiẹ̀ na ọrùn wo ọ̀tún wo òsì. "Èéṣe" ni ìtumọ̀ rẹ̀: èéṣe tó fi jẹ́ Romeo, ọmọ ilé ọ̀tá? Ẹ ní kí ọmọ kan sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lákọ̀ọ́kọ́ bí ẹni tó ń wá ènìyàn, lẹ́yìn náà bí ẹni tí orúkọ kan ń dùn wọra. Kò ní gbàgbé mọ́.

"Thou" àti "you" kò le fún ọmọ Yorùbá: "o" àti "ẹ" ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò bára mu délẹ̀. Láàárín olólùfẹ́, "thou" dùn. Lẹ́nu ọ̀tá, ìwọ̀sí ni. Nígbà tí Tybalt, ìbátan Juliet, pe Romeo ní "thou" àti "villain" (ènìyàn burúkú) nínú apá kẹta, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá ẹni tó ń wá ìjà sọ ọ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn kíláàsì kọ́kọ́.

Ní ti dramatic irony, ìyẹn kí òǹwòran mọ ohun tí ẹni inú eré kò mọ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀ ná. Kí ọmọ kan sùn sórí bẹ́ǹṣì bíi Juliet tí oògùn mú sùn bí òkú, kí òmíràn gbé ìgò májèlé wọlé bíi Romeo. Ẹ dá a dúró kó tó mu ún: ta ló mọ̀ pé Juliet kò tíì kú? Àwa mọ̀, òun ò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń pariwo "má mu ún!" ni kí ẹ tó sọ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Fún ìdánwò, Mercutio, ọ̀rẹ́ Romeo, ni mo máa ń lò. Bó ti ń kú lọ, ó ní ẹni tó bá wá òun lọ́la, "grave man" ni yóò bá. Ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ méjèèjì tí "grave" ní (sàréè, àti ẹni tí kì í ṣàwàdà), kí ẹ sì bi wọ́n ìdí tí ẹni tó ń kú fi ń ṣẹ̀fẹ̀.