Ṣé kí Kánádà dọ̀bálẹ̀ fún Amẹ́ríkà ni?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi wà ní Ontario, ní Kánádà. Látìgbà tí Trump ti ń fi owó ibodè halẹ̀ mọ́ wọn, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹni tó juni lọ lè juni nù. Kí ló dé tí Kánádà ò kàn bẹ̀bẹ̀? — Ìyá Sìkírá, Mushin

ÌDÁHÙN: Ìyá Sìkírá, ẹ̀bẹ̀ ò burú, àmọ́ ẹni tó halẹ̀ tó sì rí gbà, ọ̀la ló tún ń bọ̀. Ní oṣù Kẹta 2025, tí owó ibodè ìdá 25 nínú 100 bẹ̀rẹ̀, Kánádà gbé tiẹ̀ lé ọjà Amẹ́ríkà lójú ẹsẹ̀. Ontario kó ọtí Amẹ́ríkà kúrò lórí àtẹ. Èyí dùn mọ́ mi: àìmu ọtí ò febi pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Kánádà ti yọ púpọ̀ nínú owó ìgbẹ̀san náà.

Oníbàárà kan ṣoṣo ni wàhálà wọn. Ní 2024, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí Kánádà tà sílẹ̀ òkèèrè, Amẹ́ríkà ló rà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ òpó epo Trans Mountain tí wọ́n fẹ̀ ní 2024, tó ń gbé epo dé etíkun kí Éṣíà náà lè rà.

Àwa náà kúkú ti ṣe ọ̀gá rí. Nàìjíríà ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019, ó di oṣù Kejìlá 2020 ká tó ṣí i. Àgbẹ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó ní orílẹ̀-èdè Benin tó jẹ́ pé Èkó ló gbójú lé, kí ló fẹ́ ṣe?

Ní ti ọmọ yín, bó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò tàbí irin, kó tètè máa wá ibòmíràn wò. Bó bá jẹ́ ọsibítù, kó lọ sùn.