Ọrùn ọwọ́ tó ń dun ọmọ jimnásítíìkì: kò rọ́, ẹ má fà á

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. London la wà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ń ṣe jimnásítíìkì ti ìdíje, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀. Ó ti tó oṣù 2 tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ti ń dùn ún. Ìyá mi ní ó rọ́. A mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fúyẹ́ díẹ̀, ó tún padà. Báǹdéèjì wo ló lè lò? Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ 5.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fi ti báǹdéèjì sílẹ̀ ná. Ọwọ́ tó bá rọ́ máa ń ní ọjọ́ tó rọ́: ọmọ ṣubú, ó fọwọ́ gbalẹ̀, ó ké, ọwọ́ wú. Ẹ ò dárúkọ ọjọ́ kankan. Ìrora tó yọ́ wọlé, tó ń le bí ọmọ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tilẹ̀, tó ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi, ibi tí a kọ́kọ́ ń wò lára ọmọ ọdún 10 sí 14 ni growth plate, ìyẹn ìpele rírọ̀ nítòsí orí egungun, níbi tí egungun ti ń gùn.

Nínú jimnásítíìkì, ọwọ́ ló ń di ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ń ta òkìtì sẹ́yìn, tàbí tó bá gbọ́wọ́ lé vault, ìyẹn pèpéle tí wọ́n ń fò kọjá, agbára tó ń já lu ọrùn ọwọ́ lè ju ìlọ́po 2 ìwúwo ara rẹ̀ lọ, ọwọ́ náà sì ti ká sẹ́yìn pátápátá. Radius, egungun tó wà ní ọ̀gangan àtàǹpàkò, ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Bí kò bá rí ìsinmi, ẹ̀jẹ̀ kì í dé growth plate yẹn dáadáa mọ́. Á máa fẹ̀ kàkà kó di egungun.

Kí wá ni fífà fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Kò sí nǹkan tó yẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dá padà sáyè. Bóyá ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n fà á ni: ìsinmi ló ṣiṣẹ́, bàbá ló gbowó. Ìpara gbígbóná náà kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora kó lè ráyè ta òkìtì. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, radius lè dẹ́kun àtigùn ṣáájú àsìkò, kí ulna, èkejì rẹ̀, máa gùn lọ, kó wá máa gún ọrùn ọwọ́. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Mi ò tíì fojú kan ọmọ yín o, nítorí náà ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì sọ pé jimnásítíìkì ló ń ṣe. Bí ó bá wú, tàbí tí ìka ń kú tipiri, ẹ má dúró di ọ̀la. X-ray lè má fi nǹkan kan hàn níbẹ̀rẹ̀; ìyẹn ò sọ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí X-ray bá mọ́, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni a sábà máa ń ní kó má gbé ara lé ọwọ́ rárá. Bí ó bá ti fi nǹkan hàn, ó lè tó oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdíje yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ó ṣì lè máa fò, kó ṣe iṣẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀, kó sì jó lórí beam, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, láìfọwọ́ kàn án.

Bí dókítà bá gbà kó padà: kó kọ́kọ́ fọwọ́ ti ògiri, lẹ́yìn náà kó rákò, kó wá fọwọ́ dúró, kó tó ta òkìtì. Ibi tó bá ti dùn ún, kó padà sẹ́yìn ní ìpele kan.

Ẹ bá kóòṣì sọ ọ́ kó má fi vault àti òkìtì orí ilẹ̀ sọ́jọ́ kan náà. Ẹ máa wọn gíga ọmọ lóṣooṣù. Oṣù tó bá ga lójijì, kí wọ́n dín iṣẹ́ ọwọ́ kù. Kí wọ́n yẹ èjìká rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí èjìká tó bá le kì í jẹ́ kí apá na tán, ọrùn ọwọ́ ló sì ń san gbèsè náà. Báǹdéèjì tẹ́ ẹ béèrè? Èyí tó rọ̀ kò wúlò. Èyí tó ní pátákó líle lẹ́yìn, tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ká sẹ́yìn jù, ló dáa, lẹ́yìn tó bá ti san.